Ohun Tí Jíìpù Olówó Ńlá Ń Jẹ Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Rà Á Tán

Ní ọdún 2003, Porsche Cayenne Turbo tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 89,000 ní Amẹ́ríkà, láì tíì ka àwọn àfikún tí oníbàárà máa ń ní kí wọ́n bá òun fi sí i. Irú ọkọ̀ yẹn kan náà, bó ti dàgbà tó yìí, owó Corolla lásán lè gbé e lónìí. Owó ọkọ̀ ti já wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó páìpù rẹ̀ kò já, owó bíréèkì rẹ̀ kò já, owó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò já. Iléeṣẹ́ tó ṣe é kì í bi wá léèrè iye tí a fi rà á kó tó dá iye lé ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹni tó bá ra erin ní owó ewúrẹ́, oúnjẹ erin ló máa wá fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára, nítorí pé ó ṣòro kí èèyàn wọ ọgbà mẹkáníìkì ńlá kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn kó má bá ọ̀kan nínú àwọn jíìpù wọ̀nyí níbẹ̀: Range Rover tó ti wólẹ̀ sórí táyà, BMW X6 tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, Cayenne tí eruku ti bo gíláàsì rẹ̀ débi pé àwọn ọmọdé ti fi ìka kọ orúkọ sí i. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà burú. Àwọn tó ṣe wọ́n mọṣẹ́ wọn dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó rà á kò mọ ohun tí ọkọ̀ náà máa bèèrè, ẹni tó ń tún un ṣe kò mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, owó sì ń tán láàárín àwọn méjèèjì.

Jíìpù tí mò ń sọ yàtọ̀ sí jíìpù ńlá lásán. Mò ń sọ nípa èyí tí wọ́n gbé agbára ọkọ̀ eré ìje sí nínú: Cayenne Turbo, Range Rover Sport oní-supercharger, BMW X5 M àti X6 M, Mercedes ML 63 AMG àti G 63. Cayenne Turbo àkọ́kọ́ wọn ju tọ́ọ̀nù méjì àti kílò 300 lọ, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 450. Corolla tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà kò wọn ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, agbára ẹṣin 130 péré ló sì ní. Range Rover Sport tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnì lítà 5.0 sí lọ́dún 2009 ní agbára ẹṣin 510. Agbára ní ń bí ooru, ìwọ̀n ní ń fọ́ ohun tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá mọ ibi tí ooru ń há sí àti ibi tí ìwọ̀n ń tẹ̀, ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn wọn kí mẹkáníìkì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, torí àìsí omi ló ń pa wọ́n jù. Ẹ́ńjìnì V8 ní ìlà sìlíńdà méjì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, tí wọ́n tẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn bíi lẹ́tà V. Kòtò kan wà láàárín ìlà méjèèjì, lábẹ́ àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Nínú Cayenne V8 àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2002 títí di 2006, inú kòtò yìí ni Porsche gba omi kọjá, ike ni wọ́n sì fi ṣe páìpù rẹ̀. Ibẹ̀ gbóná gan-an, afẹ́fẹ́ kì í sì í fẹ́ débẹ̀. Ike tó bá ń gbóná tó ń tutù fún ọdún púpọ̀ á gbẹ, á pàdánù gbogbo rírọ̀ rẹ̀, títí di ọjọ́ tó máa là. Omi tó bá jò níbẹ̀ kì í kán sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú kòtò yẹn ló máa kọ́kọ́ rọ́ sí, kó tó ṣàn sẹ́yìn lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíá. Sítátà ọkọ̀ náà wà nínú kòtò kan náà, omi yẹn a sì máa bà á jẹ́.

Àtúnṣe tó tọ́ ni kí wọ́n yọ gbogbo páìpù ike náà, kí wọ́n fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Porsche fúnra rẹ̀ ṣe ti alumíníọ̀mù jáde nígbà tó yá. Páìpù náà kò wọ́n tó iṣẹ́ rẹ̀, torí ó di dandan kí wọ́n tú òkè ẹ́ńjìnì kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, kí wọ́n sì fi sùúrù ha ẹnu ike tó ti gan mọ́ inú irin kúrò. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ pààrọ̀ sítátà pọ̀ mọ́ ọn nígbà tí ibẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, ẹ má rò pé owó ló ń wá. Bí sítátà yẹn bá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbogbo ìtúpalẹ̀ yẹn náà ni wọ́n máa tún ṣe.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa ni pé iná omi á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó ń wa ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kò ní rí ohun tó ń kán, á ra pure water, á dà á sí i, á sì máa lọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Omi lásán kò ní oògùn tí ń dènà ìpata, ó sì máa ń tètè hó ju kúláǹtì lọ. Ìpata á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin láti inú. Lọ́jọ́ kan ṣá, tí ọkọ̀ bá há sórí Third Mainland Bridge lọ́sàn-án gangan, abẹ́rẹ́ ooru á fò sókè, orí ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe á tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti ara páìpù ike kan ti di ọ̀rọ̀ odidi ẹ́ńjìnì.

Mo sì bẹ àwọn mẹkáníìkì wa: ẹ yé yọ thermostat, ìyẹn fáàfù tó ń darí ooru omi ẹ́ńjìnì, kúrò. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé ilẹ̀ wa gbóná, pé àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí òtútù. Lára ọkọ̀ àtijọ́, aburú rẹ̀ lè má tètè hàn. Lára àwọn tí a ń sọ yìí, kọ̀ǹpútà ń retí kí ẹ́ńjìnì dé ìwọ̀n ooru kan pàtó, èyí tó sábà máa ń lé ní 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá débẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń móoru ni, á máa da epo lé epo, epo náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà. Ògiri sìlíńdà Cayenne V8 yìí kò ní ìbòrí irin nínú; alumíníọ̀mù tí wọ́n po silikọni mọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ọ́ìlì nìkan ló sì ń gbà á lọ́wọ́ písítínì. Tí písítínì bá ti ha á, kò sí oògùn tí a lè dà sínú ọ́ìlì tó máa wò ó sàn. Àmì rẹ̀ ni ìró tíntìntín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì nígbà tó bá tutù, ọ́ìlì tó ń dín kù láìjẹ́ pé ó jò, àti ẹnu sáléńsà kan tó dúdú ju èkejì lọ. Kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń tì bọ ihò pílọ́ọ̀gì ló ń jẹ́rìí sí i.

Range Rover tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 5.0 náà ní páìpù ike tirẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, lábẹ́ supercharger, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì. Wọ́n ń là bí ti Cayenne, ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri náà a sì máa jò. Àmọ́ ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ jù lára àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀, láti 2009 títí di bíi 2012, ni ṣéènì inú ẹ́ńjìnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní timing chain. Irin kékeré kan tí ọ́ìlì ń tì ló ń mú kí ṣéènì náà le. Orí irin yẹn máa ń gbẹ́ ara apá tó ń tì, ṣéènì á sì dẹ̀. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ọkọ̀, ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù á máa dún bí ẹni pé dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Bó bá dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ má tìtorí ìyẹn fọkàn balẹ̀. Ọ́ìlì ló dé ibi tó ń lọ, ṣéènì kò tíì le padà. Ọjọ́ tó bá fò kúrò ní eyín rẹ̀, fáàfù àti písítínì á kọlu ara wọn. Ìró mìíràn tún wà tó jọ ọ́, tó ń ti imú supercharger wá nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́: sípíríǹgì kékeré kan níbẹ̀ ló gbó. Èyí kò burú tó tàkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn lè tú ẹ́ńjìnì tí kò ṣe nǹkan kan, tàbí kó fi èyí tó ń kú lọ sílẹ̀.

BMW gba ọ̀nà mìíràn dé ibi ooru kan náà. Ẹ́ńjìnì N63 rẹ̀, tó kọ́kọ́ hàn nínú X6 lọ́dún 2008, gbé tọ́bò méjèèjì sáàárín V, bẹ́ẹ̀ náà sì ni S63 tó wà nínú X5 M àti X6 M. Ó dára fún agbára, torí èéfín kì í rìn jìnnà kó tó dé tọ́bò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbóná débi pé ó lè pọ́n ni wọ́n gbé sí oókan àyà ẹ́ńjìnì, tí wọ́n sì dé ike lé lórí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré ní òpópónà Jámánì, afẹ́fẹ́ ń gbé ooru náà lọ. Nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ Ọ̀jọ́ta ní Èkó, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e. Rọ́bà kéékèèké tó ń dí ọ́ìlì lọ́nà ní ìdí fáàfù á gbẹ, ọ́ìlì á máa yọ́ wọ inú sìlíńdà, èéfín búlúù á sì tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tó bá gbéra lẹ́yìn ìdúró gígùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, BMW gbé ètò kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ní N63, pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n lè yẹ ṣéènì, injector, bátìrì àti àwọn nǹkan mìíràn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé, ìwé iṣẹ́ yẹn gan-an ni kó béèrè.

Ti Mercedes kò gùn. ML 63 tó ní ẹ́ńjìnì M156, lítà 6.2, kò ní tọ́bò rárá, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn kan ń rà á nítorí ohùn nìkan. Bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀ ni àléébù àwọn àkọ́kọ́: wọ́n ń já, omi ń wọ sìlíńdà. Mercedes yí irin bóòtù náà padà lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ tí wọn kò bá tíì pààrọ̀ tirẹ̀, kí ẹ ka owó iṣẹ́ yẹn mọ́ owó rẹ̀.

Ó wá ku ìwọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn jíìpù yìí kò dúró lórí sípíríǹgì irin. Orí àpò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni wọ́n dúró. Kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ kékeré kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́, fáàfù ń pín in, sẹ́ńsọ̀ ń wo bí ọkọ̀ ṣe ga tó ní igun kọ̀ọ̀kan. Ètò tó dára ni, ọkọ̀ á ga níbi tí ọ̀nà bá ti burú, á sì rẹlẹ̀ nígbà eré. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó, oòrùn wa àti iyanrìn ojú ọ̀nà sì ń mú un gbó kíákíá. Ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó. Afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jáde lóru, ẹ óò sì bá ọkọ̀ láàárọ̀ tó ti kúnlẹ̀ ní igun kan. Ẹ sítáàtì rẹ̀, ó dìde, ẹ gbàgbé. Ohun tí ẹ kò rí ni pé kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó sì sinmi ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Á gbóná, á jó. Àpò kan tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ ti di àpò kan àti kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn mọ́ ara àpò àti páìpù rẹ̀, ti tó láti fi mọ ibi tó ń jò. Ibi tó bá ń yọ ìfófòó ni.

Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ló ń ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi sípíríǹgì irin sí i. Àwọn kan ń bú wọn pé wọ́n ba ọkọ̀ jẹ́. Èmi kò bú wọn. Lórí Range Rover tó ti dàgbà, sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà gan-an, tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, jẹ́ ìpinnu ọlọ́gbọ́n. Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni sípíríǹgì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n gé e kó lè wọ̀. Ọkọ̀ tó wọn bíi tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀, tó lè sá ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, ẹ̀mí ìdílé ló ń gbé.

Cayenne tún ní tirẹ̀ lábẹ́. Ọ̀pá gígùn kan ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, béárìn kan sì dì í mú ní àárín. Rọ́bà tó yí béárìn yẹn ká máa ń ya, bí ẹ bá sì gbéra, ẹ óò gbọ́ gbì-gbì lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ìgbọ̀nwọ́ lù ú. Odidi ọ̀pá ni Porsche ń tà, kì í ta béárìn lọ́tọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe béárìn nìkan, mo sì rí i pé iṣẹ́ náà dára bí ẹni tó ń fi sí i bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta gíá fún yín nítorí ìró yìí.

Bíréèkì àti táyà kò gba àlàyé púpọ̀: ohun tó wúwo tó sì yára, dísìkì ńlá ló ń dá a dúró, dísìkì ńlá sì wọ́n. Táyà ínṣì 20 tàbí 22 tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, kòtò kan lè bẹ́ ẹ kó sì tẹ rímù mọ́ ọn. Táyà tokunbo kò yẹ lórí irú ọkọ̀ yìí, bó ti wù kó dán tó.

Ní ti gíá, irọ́ kan wà tó ti ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ́, pé ọ́ìlì gíá wọn wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ọkọ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn. ZF, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Jámánì tó ṣe gíá inú Range Rover àti ti ọ̀pọ̀ BMW, sọ ohun tó yàtọ̀: kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ láàárín kìlómítà 80,000 sí 120,000. Ẹni tó ṣe gíá ni mo gbà gbọ́.

Iná ọkọ̀ ni ibi tí owó ti ń lọ láìsí èrè kankan, torí wọ́n ń ra páàtì tí ọkọ̀ kò béèrè. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè mú kí iná ìkìlọ̀ márùn-ún tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ti gíá, ti ṣọ́ọ̀kì, ti bíréèkì, kí ó sì jẹ́ pé bátìrì nìkan ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n wọn bátìrì. Nínú Cayenne àkọ́kọ́, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ló wà. Òjò sì ni ọ̀tá kejì. Òrùlé tó ń ṣí ní páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà jáde. Bí ewé àti eruku bá dí i, omi á gba inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, á rin kápẹ́ẹ̀tì, á sì dé ọ̀dọ̀ wáyà àti àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí òjò oṣù Karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀, ẹ da omi díẹ̀ sẹ́nu páìpù yẹn kí ẹ wo bóyá ó ń jáde lábẹ́. Ẹ̀rọ scan tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń gbé kiri, tó lè wọ inú ọkọ̀ gbogbo, kò rí ju ẹ́ńjìnì lọ lára àwọn wọ̀nyí. Porsche ní ẹ̀rọ tirẹ̀, PIWIS, BMW ní ISTA, Land Rover ní SDD fún àwọn tó jáde ní ìgbà tí a ń sọ yìí. Mẹkáníìkì tí kò bá ní ohun tó lè bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín sọ̀rọ̀ dáadáa, ìméfò ló máa ṣe, owó yín ló sì máa fi méfò.

Ẹ wá jẹ́ ká ka owó. Páàtì wọn, dọ́là tàbí yúrò ló ń gbé e wọlé. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì. Ní 2024 ó kọjá ₦1,500. Lọ́dún náà, páàtì tó jẹ́ dọ́là 1,000 kúrò ní ₦460,000, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, kó tó kan owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ibodè. Ẹ́ńjìnì V8 ní kọ́ìlì mẹ́jọ àti pílọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Ọ́ìlì tó máa ń gbà ju lítà mẹ́jọ lọ lára púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí Corolla ń gba bíi mẹ́rin, ọ́ìlì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlówó tí iléeṣẹ́ fọwọ́ sí, ní ọjà tí ayédèrú ti pọ̀. Táǹkì Cayenne gba lítà 100. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, bíi ₦18,500 ló kún un ní iye ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ó ti lé ní ₦100,000. Cayenne Turbo sì ń mu bíi lítà 16 fún kìlómítà 100 lórí ìwé ẹni tó ṣe é. Nínú ìlú, ó ń ju 20 lọ.

Nítorí náà ni ọjà páàtì Ládípò ní Èkó fi ń kún. Páàtì tokunbo tí wọ́n ń pè ní Belgium ti gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ là, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ilẹ̀kùn, iná iwájú, rímù tàbí gíláàsì Belgium. Àmọ́ àpò afẹ́fẹ́ Belgium, páìpù ike Belgium, ẹ̀rọ omi Belgium? Ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n jọ ní pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára ọkọ̀ yín. Ohun tó jẹ́ rọ́bà tàbí ike, tuntun ni kí ẹ rà.

Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba ní ìṣirò tiwọn. Níbẹ̀, owó orí ọkọ̀ yí padà fún ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2006: èyí tí èéfín rẹ̀ bá ju gíráàmù 225 lọ fún kìlómítà kan bọ́ sínú àwọn ìpele tó ga jù, tó lé ní £700 lọ́dún ní 2024. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú ń san owó tó kéré sí i gan-an. Cayenne méjì tó jọra bí ìbejì lè yàtọ̀ báyìí nítorí ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ULEZ, ètò tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ jù, ti kárí gbogbo àgbègbè London, ọkọ̀ bẹntiróòlù tí kò bá sì dé ìwọ̀n Euro 4 ń san £12.50 lójúmọ́ tó bá jáde. Ẹ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.

Báwo ni àwọn jíìpù yìí ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà? Ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì sábà máa ń gbádùn rẹ̀ títí ìdánilójú iléeṣẹ́ fi parí. Ẹnì kejì ń wà á títí wọ́n á fi kọ owó àtúnṣe àkọ́kọ́ tó ga fún un, ó sì ń tà á. Àwọn mìíràn ń bọ́ sọ́jà gbàǹjo lẹ́yìn ìjàǹbá tàbí ìkún omi. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ló mu omi, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní àkọlé salvage lórí ìwé rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Kútọnu ni púpọ̀ ń gbà wọlé, kí ìjọba Nàìjíríà tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù Kìíní ọdún 2017. Ọ̀nàkọnà tí ọkọ̀ bá gbà wá, VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ń sọ ìtàn. Ẹ san owó kékeré tí wọ́n ń gbà láti fi ka ìtàn náà kí ẹ tó wo bó ṣe ń dán.

Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra ọ̀kan nínú wọn àfi tí owó tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye ọkọ̀ bá wà nílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jíìpù ńlá tó lágbára, tí kò sì fẹ́ wàhálà yìí, Lexus LX 570 wà, V8 lítà 5.7 tí kò ní tọ́bò, tó jókòó lórí férémù irin, tí mẹkáníìkì wa sì mọ̀ bí ẹni mọ owó. Kò ní sáré bíi Cayenne Turbo. Ẹni tó jẹ́ pé eré yẹn gan-an ló ń wá, n kò lè sọ fún un pé méjèèjì dọ́gba, torí wọn kò dọ́gba. Èèyàn tó ti wa Cayenne tó pé lẹ́ẹ̀kan mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí ẹ bá ti pinnu, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ́ńjìnì tó móoru. Ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kó má sítáàtì rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo bóyá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró dọ́gba. Ẹ ṣí ìdérí omi nígbà tó tutù, kí ẹ wo bóyá kúláǹtì aláwọ̀ ló wà níbẹ̀ tàbí omi tó ti ń pọ́n nítorí ìpata. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í, kí ẹ fọwọ́ tẹ fóòmù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, kí gbogbo èèyàn sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Kí mẹkáníìkì yín so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Bí àwọn àṣìṣe tó yẹ kó wà nínú ìrántí rẹ̀ bá ti di òfo pátápátá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á rẹ́ ni, ẹ wà á fún wákàtí kan kí ẹ tún wò ó. Kí ó tì kámẹ́rà bọ ihò pílọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kì í ṣe méjì tó rọrùn. Kí ó kọ ohun tó rí àti iye tó máa gbà sílẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n pè. Ẹni tó bá ti mú ẹ́ńjìnì gbóná dè yín kí ẹ tó dé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì lọ wo òmíràn. Wọ́n pọ̀ ní ọjà ọkọ̀ Berger lójú ọ̀nà Apápá sí Òṣòdì.